Orí Ni Wọ́n Kàn Mọ́lẹ̀

"Effie, ẹ wá wo nǹkan kan fún mi," ni Catriona wí. "Ẹ má tíì sọ nǹkan kan o. Ẹ kàn wò ó ná."

Bí ọmọdé bá ní kí àgbà má tíì sọ nǹkan kan, kí àgbà yáa wá ibi jókòó sí. Effie Lamont fa àga, ó jókòó, ó gbé awò sójú. Òjò ń fi ẹ̀gbẹ́ rọ̀ lu fèrèsé ilé ìwádìí náà, odò Tay tó wà nísàlẹ̀ ti funfun bí omi ọṣẹ, afárá ọkọ̀ ojú irin sì ti wọ inú kùrukùru lọ pátápátá. Ọjọ́ bí gbogbo ọjọ́ ni ní ìlú Dundee.

Ọlẹ̀ adìyẹ ló wà lójú kọ̀ǹpútà. Ọmọ tí kò tíì di ọmọ ni, tí wọ́n fi ọwọ́ ẹ̀rọ̀ yọ láti inú ẹyin, tí wọ́n tẹ́ sórí òrùka bébà kékeré, tí wọ́n sì gbé sínú abọ́ tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ bí abẹ́ ìyẹ́ ìyá rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá ti ń ya àwòrán rẹ̀ léraléra tọ̀sán-tòru, wọ́n sì ti to àwọn àwòrán náà tẹ̀léra di fíìmù. Nínú irú fíìmù bẹ́ẹ̀, ohun tó rí pẹlẹbẹ bí ewé á máa gùn níṣojú ẹni, láti orí lọ sí ìdí, títí yóò fi ní ẹ̀yìn, tí yóò sì ní ìrù. Adìyẹ ń ṣe é, ẹja ń ṣe é, èmi àti ìwọ náà ti ṣe é kí á tó mọ̀ pé a wà. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni Effie àti ọkọ rẹ̀ ti fi gbogbo ayé wọn wá.

Ohun tí Effie mọ̀ ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ tí ara fi ń jẹ́ ara, máa ń tò lọ síhà ìrù bí èrò tó ní ibi tó ń lọ, àti pé bí wọ́n ṣe ń lọ ni ara ń gùn. Ṣùgbọ́n Catriona ti ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí nínú ilé náà. Ó kun àwọn sẹ́ẹ̀lì ní àwọ̀ ewé bí gbogbo wọn ṣe máa ń ṣe, ó wá tún wá ọgbọ́n kun àwọ̀n tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀ ní pupa. Fọ́nrán tín-ín-tín-ín ni àwọ̀n yẹn, òun ni ilẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹsẹ̀ lé kó tó lè rìn.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì ń lọ síhà ìrù. Àwọ̀n náà ń lọ síhà ìrù. Ibì kan náà ni wọ́n dorí kọ, ìyára wọn kò sì yàtọ̀. Effie wá tẹjú mọ́ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lórí àwọ̀n tirẹ̀. Ó gbọ̀n sọ́tùn-ún, ó gbọ̀n sósì, ó padà síbi tó wà. Kò lọ síbì kankan. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e lọ.

Effie yọ awò lójú. Ó yíjú sí Catriona.

"Ṣé o ti tún un ṣe?"

"Mo ti tún un ṣe títí ó fi sú mi. Mo ní bóyá ẹyin ni kò dáa, mo gba ẹyin lọ́wọ́ àgbẹ̀ mìíràn ní Fife. Bákan náà ni." Catriona Rennie jẹ́ ọmọbìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà kò lè wo ojú ọ̀gá rẹ̀. "Orí la kàn mọ́lẹ̀, Effie. Gbogbo wa pátá. Struan ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀."

Struan ni ọkọ Effie, òun ló sì dá ilé ìwádìí náà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ orí yìí ṣe jẹ́. Ọlẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́ nínú abọ́, á máa yọ̀ síhìn-ín yọ̀ sọ́hùn-ún láàárín àwòrán kan sí òmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ to àwòrán pọ̀ di fíìmù gbọ́dọ̀ mú ohun kan tí yóò dúró lójú kan, kó wá fi gbogbo ìyókù tò mọ́ ọn. Orí ni Struan mú, torí pé orí rọrùn láti rí, kì í sì í yí padà bíi ti ìdí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kó tó mọ ibi tí wọ́n ń tọ́jú ṣúgà tíì sí ni wọ́n á ti kọ́ ọ pé, "Orí ni kó o kàn mọ́lẹ̀, ìyókù á tò sẹ́yìn rẹ̀." Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka àdúrà Olúwa. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí o bá kan orí mọ́lẹ̀, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn orí ni yóò dà bíi pé ó ń rìn lọ síhà ìrù, ìbáà máa rìn, ìbáà jókòó. Àṣìṣe ọlọ́gbọ́n ni. Òmùgọ̀ kò lè ṣe é, torí òmùgọ̀ kì í kan nǹkan mọ́lẹ̀ kó tó wò ó.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ṣùgbọ́n Struan kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, ohun tó dun Effie jù nìyẹn. Ohun tó rí ló sọ. Fíìmù rẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì láti Aberdeen títí dé òkè òkun, òun fúnra rẹ̀ á dúró ti ògiri pẹ̀lú ọ̀pá kékeré lọ́wọ́, á ní, "Ẹ wò wọ́n. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń lọ." Àwọn ènìyàn á pàtẹ́wọ́. Effie ló sì wọn ìrìn àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn fún un, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì mú tí kò nílò awò. Bí ẹ̀sùn bá wà, ẹ̀sùn àwọn méjèèjì ni.

"Iṣẹ́ yìí ni kó o tẹ̀ jáde," ni Effie wí. "Iṣẹ́ gidi ni."

"Mo mọ̀. Mo tún mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀ wá fi orúkọ Struan sọ gbọ̀ngàn nígbà ìrúwé." Catriona wá ń fi ìka yí etí ife tíì rẹ̀ ká. "A lè dúró. Kí ayẹyẹ yẹn kọjá. Tàbí kí ó tiẹ̀ ..."

Kò parí rẹ̀. Effie parí rẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, bó ṣe ń gba Perth Road lọ sílé. Kí ó tiẹ̀ dìgbà tí kò ní lè yé e mọ́.

Nítorí Struan ń gbàgbé. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́nà tí ènìyàn lè fi rẹ́rìn-ín, ó gbé bàtà sínú àpótí búrẹ́dì, ó pe ìkòkò tíì ní "nǹkan olómi yẹn." Lẹ́yìn náà ó lọ sínú ọgbà tó ti ń gbin ewébẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀, kò sì mọ ọ̀nà ilé mọ́, ọlọ́pàá ló mú un wá pẹ̀lú àlùbọ́sà eléwé lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà sọ fún Effie láìfi bò pé ohun tó lọ ti lọ, ohun tó kù náà kò ní pẹ́. Bí Effie bá lè ní sùúrù díẹ̀ sí i, kò ní sí ẹni tí yóò sọ ọ̀rọ̀ àwọ̀n yẹn fún mọ́. Èrò burúkú ni, ó sì dùn mọ́ ọn nínú.

Ó bá a ní ibi ìdáná, ó ń bó ọ̀dùnkún.

"Ó pẹ́ tó o ti jáde, adìyẹ mi," ni Struan wí. Adìyẹ ni àwọn ọkùnrin ibẹ̀ máa ń pe obìnrin tí wọ́n bá fẹ́ràn. "Mo rò pé o ti bá apẹran yẹn lọ."

"Apẹran yẹn ti kú, Struan."

"Hẹn. Abájọ tí ẹran rẹ̀ kò fi dáa mọ́."

Effie rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, omi náà kò sì tètè dá. Struan bi í pé kí ló dé, ó ní àlùbọ́sà ni. Kò sí àlùbọ́sà kankan lórí tábìlì.

Ohun kan wà tí kò jẹ́ kó lè dákẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ra, Effie rí àṣìṣe kan nínú iṣẹ́ Struan, kò sọ, torí ìfẹ́ ń pa á. Struan padà rí i fúnra rẹ̀. Ó bi í pé, "O ti rí i tẹ́lẹ̀?" Effie ní òun ti rí i. Ọmọkùnrin náà kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ọjọ́ tó máa la ẹnu, ó ní, "Ẹni tó bá bá mi tọ́jú àṣìṣe mi pamọ́, òkú ló kà mí sí." Láti ọjọ́ náà, kò sí àṣìṣe Struan kan tí Effie rí tí kò sọ, títí kan ti ọbẹ̀. Bí ó bá wá dákẹ́ lórí èyí tó tóbi jù, kí ló kà á sí?

Síbẹ̀ ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, ẹni tó ti fi ọwọ́ gbá ẹyin mú látìgbà èwe rẹ̀ kò sì fẹ́ kó bọ́. Lójoojúmọ́ ni Catriona ń wo ojú rẹ̀ láàárọ̀, lójoojúmọ́ ni Effie ń mi orí pé rárá, òun kò tíì sọ ọ́ fún Struan.

Ọjọ́ Ìsinmi kan wá dé tí ojú Struan là kedere. Ó mọ ọjọ́ tí ó jẹ́. Ó ka ìwé ìròyìn, ó sì ṣépè fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ní orúkọ wọn, láti ẹni tó ń ṣọ́ ilé títí dé ẹni tó ń sá lápá òsì. Effie mọ̀ pé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lè má tún wá. Ó gbé kọ̀ǹpútà wá sórí tábìlì, ó ti ife àti àkàrà ẹlẹ́ran sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Struan, mo ní nǹkan tí mo fẹ́ fi hàn ọ́. Kò dáa."

"Ṣé mo ń kú ni?"

"Kì í ṣe ìyẹn."

"Tóò, ó lè dáa nìyẹn."

Ó wò ó. Pupa àti àwọ̀ ewé ń ṣàn lọ lójú rẹ̀.

"Ta ló kun àwọ̀n?"

"Catriona."

"Ọmọ Rennie yẹn? Ọwọ́ rẹ̀ mọ́." Ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Tún un gbé." Effie tún un gbé. "Tún un gbé." Omi tíì hó lórí iná, kò sẹ́ni tó dìde sí i. Nígbà tó yá, ó bèèrè pẹ̀lú ohùn tí Effie ti gbọ́ ní àìmọye ìgbà nínú ilé ìwádìí, ohùn ẹni tó ti mọ ìdáhùn, "Ta ló kan orí mọ́lẹ̀?"

"Ìwọ ni."

"Èmi ni."

Ó dìde, àga ṣubú sẹ́yìn rẹ̀. "Ìwọ lo sì wọ̀n ọ́n. Níbo lojú rẹ wà?"

"Ibi tí tìrẹ wà náà ni."

Effie rò pé yóò jáde, kí ó fi ilẹ̀kùn gbá. Ó lọ sídìí fèrèsé, ó dúró níbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i, èjìká rẹ̀ sì ti wálẹ̀ ju bó ṣe wà láàárọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni Effie gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín kékeré kan.

"Bàbá mi máa ń mú mi lọ wo bọ́ọ̀lù ní pápá Tannadice," ni ó wí. "Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ méjèèjì ìlú yìí bá pàdé, ojú pópó á kún dé ògiri. Wọn kò tíì ní ṣí ẹnubodè. Àwọn tó wà níwájú á ti há mọ́ra, wọn kò lè mira. Àwọn tó wà lẹ́yìn ni kì í sinmi, wọ́n á máa fi igbọ́nwọ́ wá àyè, èrò tuntun á sì máa dà mọ́ wọn. Ògiri lọ́tùn-ún, ògiri lósì. Ibo ni èrò máa gbà?"

"Ẹ̀yìn," ni Effie wí.

"Ẹ̀yìn. Ìrù èrò ni yóò máa gùn, títí dé ìsàlẹ̀ òkè. Èmi wà láàárín wọn, mo kéré, mo rò pé mò ń rìn. Ìgbà tí mo wo ilẹ̀, ẹsẹ̀ mi kò kanlẹ̀." Ó yíjú padà. "Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó mọ ibi tó ń lọ, àbí?"

"Kò sí. Àwọn tó wà níhà ìrù kàn ń gbọ̀n jìgìjìgì ju àwọn tó wà níhà orí lọ ni. Ìyẹn nìkan náà ló tó fún ara láti gùn."

"Ìyẹn mà dáa ju tèmi lọ." Ó gbé àga dìde, ó jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, inú ọwọ́ ló ti ń sọ ọ́. "Gbogbo ọdún yẹn, adìyẹ mi. Gbogbo àwọn ọmọ tí mo kọ́ yẹn."

Effie di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó dùn ún gan-an, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ fúyẹ́, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Kò tíì mọ̀ pé ẹrù náà kò ní pẹ́ padà sí òun lórí.

"Gbọ́," ni Struan wí. "Tó bá di ọ̀la, mi ò ní rántí. Má fi ojú burúkú wò mí, mo mọ bí mo ṣe wà. Ṣèlérí fún mi. Bó o bá tún gbọ́ tí mo sọ ọ́ bíi ti àtijọ́, dá mi dúró. Má máa mi orí sí mi bí wọ́n ṣe ń mi orí sí arúgbó."

"Mo ṣèlérí."

"Sọ ọ́ tán."

"Níwájú ẹnikẹ́ni tó wù kó jẹ́."

"Ìbáà jẹ́ níwájú ọba."

"Ọba kì í wá sí Dundee, Struan."

"Ó lè ṣì ọ̀nà," ni ó wí, wọ́n sì jẹ àkàrà ẹlẹ́ran wọn ní tútù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Struan ń ro ọkà òwúrọ̀ rẹ̀ lórí iná, ó ń sọ fún redíò pé ohun tó yà òun lẹ́nu jù lọ nínú ọlẹ̀ ni bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ṣe mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Effie gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Struan, wọn kò mọ̀ ọ́n." Gbogbo rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ta ló kun àwọ̀n, ta ló kan orí mọ́lẹ̀, èmi ni. Àga kò ṣubú lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wálẹ̀ bákan náà, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ òkú fún. Òpópónà Tannadice náà wá sí i lẹ́nu, Effie sì dúpẹ́.

Lẹ́ẹ̀kejì tó tún sọ ọ́, òpópónà kò wá mọ́. Ìbínú wá, ìtìjú wá, ẹ̀rín tó máa ń tẹ̀lé wọn kò wá. Lẹ́yìn ìyẹn, ìbínú náà kò wá mọ́, ìtìjú nìkan ló kù. Ó máa ń wo Effie bí ọmọ tí wọ́n mú níbi tó ti ń jalè, á máa fi àtàńpàkò pa ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, á ní, "Ṣé èmi ni mo ṣe é lóòótọ́?" Effie á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ilẹ̀ mìíràn á mọ́, òfò náà á tún di tuntun. Ìlérí ni ìlérí, Effie kì í sì í ṣe ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù òwúrọ̀. Ó máa ń gbàdúrà pé kí ọkọ òun má sọ̀rọ̀ iṣẹ́, kó kàn máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Catriona wí fún un. Ó wá kí wọn ní ọjọ́ Sátidé, ó sì bá wọn láàárín irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin méjèèjì bọ́ sí ẹnu ọ̀nà níta, atẹ́gùn odò ń já wọn láṣọ. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wo bó ṣe ń fi àtàńpàkò pa ọwọ́ rẹ̀."

"Mo ṣèlérí."

"Ta lẹ ṣèlérí fún? Ẹni tó gba ìlérí yẹn lọ́wọ́ yín kò sí nínú ilé yẹn mọ́."

"Ọkọ mi ni, Catriona. Kì í ṣe ọlẹ̀ inú abọ́ tí wàá dà nù tó o bá wò ó tán."

Ojú ọmọbìnrin náà pọ́n. Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Ọ̀rọ̀ burúkú ni Effie sọ yẹn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó tọrọ àforíjì níwájú gbogbo ilé ìwádìí, Catriona sì fi tíì tí kò ní wàrà lọ̀ ọ́, bí Effie ṣe máa ń mu ún. Wọ́n fẹnu kò pé nígbà ayẹyẹ wọn yóò kọ́kọ́ gbé fíìmù àtijọ́ jáde, torí iyì rẹ̀, lẹ́yìn náà Catriona yóò gbé tuntun jáde. Struan kò ní sọ̀rọ̀. Yóò dìde, yóò gba àwo ìrántí, yóò jókòó.

Ìgbà ìrúwé dé. Gbọ̀ngàn náà kún fún àwọn onímọ̀ tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ tí Struan kọ́, orí tiwọn náà ti ń funfun. Struan wọ kílítì, aṣọ ìdí tí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń ró, ti ìran Lamont, Effie fúnra rẹ̀ ló bá a di bẹ́líìtì rẹ̀. Ó fi ẹ̀rín kí gbogbo ènìyàn, kò sì pe orúkọ ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fura, torí àwọn ènìyàn ńlá kì í sábà pe orúkọ ẹni.

Wọ́n pa iná. Fíìmù àtijọ́ jáde lára ògiri, ní dúdú àti funfun. Ọlẹ̀ ń gùn. Nígbà náà ni Struan dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ó lọ síwájú, ó mú ọ̀pá tó wà nídìí tábìlì, ó nà án sí ògiri. Ohùn rẹ̀ jáde gbọnmọgbọnmọ bíi ti ogún ọdún sẹ́yìn.

"Ẹ wò wọ́n," ni ó wí. "Wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń lọ."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwọn tó ti gbọ́ nípa iṣẹ́ Catriona wo bàtà wọn. Catriona yíjú sí Effie láti ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn, ó sì mi orí díẹ̀, rárá.

Níwájú ẹnikẹ́ni tó wù kó jẹ́. Effie dìde dúró. Ó la ẹnu.

Struan rí i. Ọ̀pá náà wálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ìdùnnú tó wà lójú rẹ̀ sì parẹ́. Kò rántí àwọ̀n pupa, kò rántí ojú pópó Tannadice, kò rántí ìlérí. Nínú gbogbo àtúnṣe àárọ̀ wọ̀nyẹn, ohun kan ṣoṣo ló kù sí i lára, ìyẹn ni ojú tí ìyàwó rẹ̀ máa ń ṣe kó tó sọ̀rọ̀.

"Adìyẹ mi," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́, níwájú gbogbo wọn. "Ṣé mo ti ṣì í sọ?"

Gbogbo gbọ̀ngàn wo Effie. Àtàńpàkò Struan ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀.

"Rárá," ni Effie wí. "O sọ ọ́ bó ṣe yẹ."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Ó dáa." Ó mí kanlẹ̀. "Torí ó ń ṣe mí bíi pé nǹkan kan wà tí mo ní kó o má jẹ́ kí n gbàgbé."

"Kò sí nǹkan kan, Struan. Wá jókòó."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí ó fi dé ìjókòó. Ó jókòó ti Effie, ó tún aṣọ ṣe lórí orúnkún rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn. Effie kò lè wo ẹnikẹ́ni lójú. Catriona bọ́ síwájú, ó gbé fíìmù tirẹ̀ jáde, pupa àti àwọ̀ ewé, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni: pé wọ́n ti kan orí mọ́lẹ̀, pé ilẹ̀ ló ń rìn, pé ìgbọ̀nrìrì àwọn tó wà níhà ìrù ló ń mú ara gùn. Struan tẹ̀ síwájú lórí àga, kò ṣẹ́jú. Ó ń mi orí sí gbogbo rẹ̀. Ó pẹ́ tí Effie ti rí ojú yẹn kẹ́yìn, ojú ẹni tí ohun tuntun ń yé.

Ó fi ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀. "Ọmọ yẹn gbọ́n. Ta ló kọ́ ọ?"

"Ìwọ ni."

"Má yọ mí lẹ́nu." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún padà wo ògiri. Nígbà tó yá, ó tún fara mọ́ ọn. "Ẹni tó kan orí mọ́lẹ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé ó wà níbí?"

Effie di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Rárá," ni ó wí. "Ó ti lọ."

"Ó mà ṣe o," ni Struan wí. "Ǹ bá fẹ́ kí ó rí i."